Mẹ́yọ̀ Tó Fa Kọ́tìnì Lọ́sàn-án Gangan

Ọlọ́lá Jùlọ, Ọ̀mọ̀wé Diederik Leopold van Assendonck, Mẹ́yọ̀ ìlú Losterbroek, kì í jáde nílé láìfi ẹ̀gbà ọrùn oyè sọ́rùn. Ẹ̀gbà fàdákà ni, ó wúwo, àmì ìlú sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ ayẹyẹ nìkan ló yẹ kí Mẹ́yọ̀ máa lò ó, ṣùgbọ́n Diederik ní ibikíbi tí òun bá dé ni ayẹyẹ wà. Ó ń wọ̀ ọ́ lọ ra ẹja. Ó ń wọ̀ ọ́ gun kẹ̀kẹ́, á máa dún woroworo kọjá níwájú ilé wa, àwa tó jókòó lójú fèrèsé á sì yára ki ẹnu bọ ife kọfí kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu wa.

Kì í ṣe ọmọ àdúgbò wa. Den Haag, níbi tí ìjọba ilẹ̀ Netherlands wà, ni wọ́n ti yàn án ránṣẹ́ sí wa, bí wọ́n ṣe máa ń yan Mẹ́yọ̀ fún ìlú gbogbo láìbi ará ìlú léèrè. Ó dé pẹ̀lú dùùrù ńlá kan, àpótí ìwé rẹpẹtẹ, àti ìyàwó rẹ̀ Aleid, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó gbọ́ èdè ìgbèríko wa láàárín oṣù díẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò kọ́ nǹkan kan. Ọdún mẹ́fà ló ti lò láàárín wa, ilẹ̀kùn iwájú ló ṣì máa ń kàn, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo wa ń gbà wọlé ara wa, tí a kì í sì í ti ilẹ̀kùn ibẹ̀. Ó ní àṣà àwọn tó ń bá màlúù sùn nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó máa sọ ọ́ lọ, ọjọ́ gbogbo kọ́ ni tirẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń tò sínú gbọ̀ngàn ìlú láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyànjú Mẹ́yọ̀. Akọ̀wé ìlú, Lubbert Pol, ló máa ń pàtẹ́wọ́ ṣáájú. Bí Mẹ́yọ̀ bá wúkọ́, Lubbert á ní, "Ẹ gbọ́ ohùn." Bí Mẹ́yọ̀ bá dákẹ́ kó lè mí, Lubbert á yọ áńkáṣífì nu ojú, á ní ìdákẹ́jẹ́ yẹn wọ òun lákínyẹmí ara. Mẹ́yọ̀ gbà á gbọ́. Ta ni wọ́n máa sọ fún pé ohùn rẹ̀ dùn-ún gbọ́ tí á ní irọ́ ni?

Ìgbà ìwọ́wé ọdún 1993 ni wàhálà dé. Ilé sinimá kan ṣoṣo tó wà nílùú wa gbé fíìmù kan dé láti Amẹ́ríkà. Gbogbo ayé ló ń wo irú rẹ̀ nígbà náà. Ọkùnrin olówó kan tó ní ìyàwó rere nílé á pàdé obìnrin elétè pupa nínú òjò. Wọn á fa kọ́tìnì, wọn á tan àbẹ́là, ẹnì kan tí a kò rí á máa fọn fèrè. Tó bá yá, ọkùnrin á ní ó tó, obìnrin á ní kò tó, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹlifóònù dà á láàmú, á mú ọ̀bẹ, ìyàwó ilé náà á sì mú ìbọn. Àwọn tó ṣe é ní ìkìlọ̀ ni fún àwọn ọkọ tó ń yan àlè. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tó ń bọ́ra fún odindi wákàtí kan kó tó kìlọ̀ ni.

Mẹ́yọ̀ ní òun gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí ìwà ìlú má baà bàjẹ́. Òun àti Lubbert nìkan ló jókòó nínú sinimá tó ṣófo lówùúrọ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ó wò ó bóyá ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀. Ó tún un wò kó lè mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ náà wà gan-an. Lẹ́yìn náà ó ní ó yẹ kí òun mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó rí i pé kò tíì kúrò, ó ní kí wọ́n bá òun kó gbogbo fíìmù tó jẹ́ irú rẹ̀ wá, torí pé ẹ̀ṣẹ̀ kì í dá rìn.

"Ìyà tí ẹ̀ ń jẹ nítorí ìlú yìí pọ̀," ni Lubbert wí, ẹni tó ti ń sùn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbà mí gbọ́, ìhòhò kọ́ ló dá Diederik lóró jù. Ohun tó gún un lọ́kàn ni pé obìnrin méjì ń ja àjàkú akátá nítorí ọkùnrin kan, ọkùnrin ọ̀hún kò sì ga tó òun. Ó délé, ó wo Aleid níbi tó ti ń bó ọ̀dùnkún. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, obìnrin yìí kò tíì gbé ṣíbí sókè nítorí rẹ̀ rí.

"Aleid," ó ní, "bí obìnrin kan bá fẹ́ gbà mí lọ́wọ́ rẹ ńkọ́?"

"Obìnrin wo?"

"Mo ní bó bá ṣẹlẹ̀ ni. Obìnrin kan tó lẹ́wà, tó sì burú."

"Á dá ẹ padà," ni Aleid wí, ó sì ju ọ̀dùnkún sínú omi.

Diederik kò sùn dáadáa. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ló ń wá: ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàwó òun lè sunkún nítorí òun, bóyá ó lè jà kó má baà pàdánù òun. Ẹni tó gbọ́n á jókòó ti ìyàwó rẹ̀ lálẹ́, á bá a sọ ọ́. Mẹ́yọ̀ ni tiwa. Ó lọ ṣe òfin.

"Ẹ̀yin ará Losterbroek," ó ké láti orí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn ìlú, "panṣágà ti gun ẹṣin wọ ilẹ̀ Europe, ó sì ti so ẹṣin náà mọ́ ẹnu bodè wa. Mo rí i. Ojú ara mi ni mo fi rí i, léraléra, láti ìjókòó iwájú. Àbẹ́là ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀bẹ ló fi ń parí, fèrè sì ń dún láàárín. Èmi Diederik, èmi odi ìlú, èmi àṣíborí àwọn ìyàwó ilé, mo ní kò ní kọjá ara mi."

Lubbert pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Orúkọ tí wọ́n fún òfin náà ni Òfin Ìṣòótọ́. Ó ní òṣìṣẹ́ ìlú èyíkéyìí tí a bá ká mọ́ ibi àgbèrè ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀, ìbá à ṣe ẹni gíga tàbí ẹni kékeré. Ó ní ilé oúnjẹ kankan kò gbọdọ̀ tan àbẹ́là síwájú èèyàn méjì tí wọn kò bá fi ẹ̀rí ìgbéyàwó hàn. Ó ní ọkùnrin àti obìnrin kò gbọdọ̀ jọ wọ ẹ̀rọ agbénisókè tó wà ní gbọ̀ngàn ìlú, torí pé ó ti rí ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi tiwọn ṣe. Àjà kan péré ni gbọ̀ngàn ìlú wa ní. Ìyá tó ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun, tí orókún ń dùn, wá ń dúró nísàlẹ̀ títí obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi dé. Èyí tó wá ga jù ni pé ilé ìtajà irin kò gbọdọ̀ ta ọ̀bẹ ńlá fún obìnrin tí kò sí nílé ọkọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ yìí ló gbé e kan Everdien Wiggers, dókítà màlúù. Mẹ́yọ̀ lọ wò bóyá wọ́n ń pa òfin mọ́, ó bá obìnrin fìrìgbọ̀n kan tó wọ bàtà onírọ́bà, tó mú ọ̀bẹ kan dání tó gùn bí apá.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mẹ́yọ̀, ẹ yà fún mi," obìnrin náà wí. "Okùn ni mo fẹ́ fi gé."

"Ṣé ẹ lọ́kọ?"

"Mo ní tẹ́lẹ̀. Ó wà ní Canada, èmi wà níbí, àlàáfíà sì wà láàárín wa. Màlúù tí mò ń tọ́jú ò bi mí rí."

Diederik wo ọ̀bẹ, ó wo obìnrin. Obìnrin tó ń dá gbé, tó mú ọ̀bẹ dání, tó ń wo èèyàn bí ẹni tó ń díwọ̀n ẹran. Ó dá a lójú pé ikú òun ló dé yìí, inú rẹ̀ sì dùn gan-an.

Ẹ má bi mí ohun tí Everdien rí lára rẹ̀. Ó sọ ọ́ nígbà tó yá pé ìgbà ìwọ́wé gùn, pé ọkùnrin náà sì máa ń pa òun lẹ́rìn-ín láìmọ̀. Ó mọ̀ pé kò dáa. Ó ń ṣe é. Ọjọ́rú lọ́sàn-án, nígbà tó bá ti dé láti oko olóko, ni Mẹ́yọ̀ máa ń yọ́ wọlé. Nǹkan ìyanu ni pé ẹ̀yìnkùlé ló wá ń gbà. Á wọ awò dúdú, á gbé ọrùn ẹ̀wù òjò sókè bí òjò ò tiẹ̀ rọ̀, ẹ̀gbà oyè á máa dún woroworo lábẹ́ ẹ̀wù. Àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé náà, Gerrit Lansink àti ìyàwó rẹ̀ Janna, á gbọ́ ọ, wọn á sì máa wo òdòdó inú ìkòkò wọn.

Everdien á gbé kọfí fún un pẹ̀lú bisikíìtì kan ṣoṣo, á sì pa agolo rẹ̀ dé, bí a ṣe máa ń ṣe fún àlejò.

"Iná ni ọ́, obìnrin," Diederik á wí. "Iná tí yóò jó mi di eérú."

"Bọ́ bàtà ẹ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ ni."

"Bí mo bá ní kí á parí ẹ̀ lónìí, kí lo máa ṣe?"

"Màá sùn. Mo ní màlúù kan tó fẹ́ bí."

"O ò ní máa pe ilé mi? O ò ní lọ dẹ́rù ba ìyàwó mi?"

"Aleid? Aleid tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń hun súwẹ́tà? Diederik, jọ̀ọ́, máa sọ̀rọ̀ bí èèyàn."

Èyí bí Mẹ́yọ̀ nínú. Ó ti dẹ́ṣẹ̀ tán, ewu kò dé. Àlè rẹ̀ kò fẹ́ pa á, ìyàwó rẹ̀ kò fura, ó kéré tán lójú tirẹ̀. Ó rò ó títí, ó rí ibi tí àṣìṣe wà. Ìmọ́lẹ̀ ni. Kò sí fíìmù kankan tí wọ́n ti ń yan àlè nínú ilé tí oòrùn wọ̀ gbanjan báyìí, tí fèrèsé rẹ̀ mọ́ gaara, tí ẹni tó ń kọjá lójú títì lè rí ọgbà ẹ̀yìnkùlé láti ojú fèrèsé iwájú. Ibi tí èèyàn ti lè ka èso lórí igi, ẹ̀rù wo ló máa bani níbẹ̀?

Ọjọ́rú kan nínú Oṣù Kọkànlá, Everdien pè é ní ọ́fíìsì pé òun máa pẹ́, pé ọmọ màlúù kan fi ẹsẹ̀ ṣáájú ní oko kan. Mẹ́yọ̀ ní kò sí wàhálà. Ó ra àbẹ́là, ó lọ sílé rẹ̀ ṣáájú. Ó fa gbogbo kọ́tìnì ilé náà pọ̀, tòkè tìsàlẹ̀, kò ku ibi tí abẹ́rẹ́ lè gbà. Ó tan àbẹ́là yí ibùsùn ká. Ó bọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀, ó ku ẹ̀gbà oyè. Ó dùbúlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ṣe ìrọ̀rí, ó ń retí ewu.

Ẹ wá wò ó. Ọmọdé ìlú wa mọ̀ pé ní Losterbroek, a kì í fa kọ́tìnì lọ́sàn-án. Ẹni tí kò ní ohun tó ń fi pamọ́ kì í bo fèrèsé rẹ̀. Ìdí kan ṣoṣo ló wà tí a fi ń ṣe é: bí ẹnì kan bá kú nínú ilé náà. Bí aládùúgbò bá sì ti rí i, iṣẹ́ ti di tirẹ̀. Noaber là ń pe irú aládùúgbò bẹ́ẹ̀ ní tiwa, oyè ni, ó ju ìbátan lọ. Òun ló ń wọlé láìkànlẹ̀kùn, òun ló ń wẹ òkú, òun ló ń kéde, òun ló ń se kọfí, òun náà ló ń gbé pósí. Èèyàn lè bá noaber rẹ̀ jà fún ogún ọdún. Bí kọ́tìnì bá ti pa dé, ìjà parí. Mẹ́yọ̀ wa ni kò mọ̀, ẹni tí kì í bi wa léèrè nǹkan kan.

Janna ló kọ́kọ́ rí i. Ó fi ọ̀bẹ tó fi ń gé kábéèjì sílẹ̀.

"Baba Bertus," ó pe ọkọ rẹ̀, "Everdien ti kú."

Gerrit wo òdìkejì ọgbà. Ó ṣí fìlà. "Ó kí mi láàárọ̀ yìí."

"Wọ aṣọ dúdú ẹ."

Wọ́n pe Tonnis Wolters tó ń gbé iwájú, torí pé òun ló kàn láti máa kéde. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, Janna gbé bàsíà omi àti tówẹ́lì dání.

Diederik gbọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wúwo. Inú fíìmù ló ti gbọ́ irú ẹsẹ̀ yìí rí. Aleid ni. Ó ti mọ̀, ó ń bọ̀, ó mú ìbọn dání. Ẹ̀rù bà á, síbẹ̀ omijé ayọ̀ dúró sí i lójú. Obìnrin yìí fẹ́ràn mi, ó rò nínú ara rẹ̀. Ó fa aṣọ ibùsùn bo ara láti orí dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ó gbọ́ "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run" láti ẹnu èèyàn mẹ́ta.

"Everdien mi," Janna ń sunkún, "ìwọ tó ki ọwọ́ ẹ bọ inú màlúù wa nínú yìnyín. O tiẹ̀ tan àbẹ́là fún ara ẹ kó o tó lọ. Ẹ wo ìwà." Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ tó yọ síta. Ó fi ìka wọ̀n ọ́n. "Baba Bertus, ẹsẹ̀ yìí gùn o."

"Ikú máa ń na èèyàn."

"Ṣé ikú náà ló máa ń hu irun sí i?"

Wọ́n ṣí aṣọ lójú òkú. Ẹ̀gbà fàdákà dán lábẹ́ iná àbẹ́là. Diederik ti di ojú rẹ̀ gbọin.

"Mẹ́yọ̀ ni," ni Tonnis wí.

"Mo rí i," ni Gerrit wí.

"Lórí ibùsùn Everdien."

"Ìyẹn ni mi ò rí."

Bí aládùúgbò gidi ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Tonnis náà kò sì rí i mọ́. Ó dé fìlà rẹ̀, ó ní òun á lọ sọ fún ìyàwó olóògbé, òun á sì ní kí wọ́n lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìgbà yìí ló yẹ kí Diederik dìde. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sí ipò rẹ̀. Bó bá la ojú, panṣágà ni, lábẹ́ òfin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Bó bá di ojú, òkú ni, a kì í sì í lé òkú kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ jáde, òun á gba ojú fèrèsé lọ. Kò mọ̀ pé a kì í fi òkú sílẹ̀ lóun nìkan. Janna fa àga, ó jókòó tì í, ó yọ súwẹ́tà tó ń hun jáde. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

"Ó yẹ ká sọ nǹkan rere kan nípa ẹ̀," ni Janna wí. "Àṣà ni."

Gerrit ronú. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. "Ó ga," ó ní.

"Ó ga lóòótọ́."

"Kò fi kẹ̀kẹ́ gbá ẹnikẹ́ni."

"Afárá tuntun ńkọ́?"

"Mẹ́yọ̀ àtijọ́ ló kọ́ ọ. Eléyìí kàn gé rìbọ́nnù ẹ̀ ni."

Òkú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó. Ó ti la ẹnu tán láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ afárá nígbà tí Lubbert Pol sáré wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Diederik pa ẹnu dé. Lubbert dé, ọ̀rọ̀ dídùn dé nìyẹn. Ó na ara rẹ̀ dáadáa kó lè gbọ́ ọ.

"Ṣé ó dá yín lójú?" Lubbert bi Gerrit.

"Ìwọ ò gbọ́ agogo ni?"

"Ẹ bá mi gbé orí ẹ̀ sókè." Lubbert fa ẹ̀gbà oyè náà gba etí òkú kọjá, kò sì rọra. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi pàtẹ́wọ́ fún ọkùnrin yìí. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ mi, bí ti alágbẹ̀dẹ ló rí. Títí ìjọba á fi yan ẹlòmíì, èmi ni ó kàn." Ó so ó mọ́ ọrùn ara rẹ̀, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó wúkọ́. Kò sẹ́ni tó ní ẹ gbọ́ ohùn.

Bóyá ìyẹn náà ìbá jí òkú, àmọ́ kẹ̀kẹ́ kan dúró níta. Ó mọ ìró búrékì rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ afárá, ti Lubbert, ti oyè, ó kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ohun tó ń wá láti ọjọ́ yìí ló ń gòkè bọ̀. Àwọn yòókù jáde, wọ́n fa ilẹ̀kùn dé, torí pé opó ní ẹ̀tọ́ sí àkókò tirẹ̀ lọ́dọ̀ òkú rẹ̀.

Aleid kò pariwo. Ó jókòó sórí àga Janna.

"Ìwọ aláìgbọ́n yìí," ó ní. "O ò tiẹ̀ lè wá ibi tó dáa kú sí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà di ẹkún. "Mo mọ̀, Diederik. Ta ni ò ní mọ̀, tí òórùn màlúù bá ń jáde lára ṣẹ́ẹ̀tì ẹ ní gbogbo Ọjọ́rú? Mò ń retí kó o sọ fún mi. Mo ní bó bá sọ ọ́, màá bínú, màá fọ́ abọ́ díẹ̀, a ó wá jókòó. O ò sọ. Mo ti di ẹrù mi, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ojoojúmọ́ ni mo ní lónìí ni màá gbé e. Mo wá ń rántí ọmọkùnrin kan ní ìlú Leiden tí pẹ́pẹ́yẹ lé bọ́ sínú odò, tó jáde, tó ń gbọ̀n, tó ní òun ń kọjá lọ ni. Ọmọkùnrin yẹn ni mo fẹ́. Mo fẹ́ ẹ gan-an."

Ó sunkún báyìí, ẹkún tòótọ́, èyí tí kò lẹ́wà, tí imú ń dà nínú rẹ̀. Ó gbá ọwọ́ òkú náà mú.

"Ó tán. Mo dárí jì ọ́. Everdien, àwọn òfin ẹ, gbogbo ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀ tó ò gbọ́, mo dárí gbogbo ẹ̀ jì ọ́. Máa lọ ní àlàáfíà."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹnikẹ́ni tó bá ní làákàyè á mọ̀ pé kí òun kú lóòótọ́ ló kù. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Inú Diederik ti kún, kò lè pa á mọ́ra. Ó jókòó wúyẹ́.

"Aleid! O fẹ́ràn mi!"

Aleid kò ta gìrì. Ó wò ó títí. Díẹ̀díẹ̀ ló yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Látìgbà wo lo ti ń gbọ́?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹ̀ pátá."

"O gbọ́ ẹkún mi."

"Mo gbọ́ ọ. Háà, Aleid, ó dùn mọ́ mi o. Mi ò mọ̀ pé o lè sunkún báyẹn nítorí mi."

"O dùbúlẹ̀ síbẹ̀," ni Aleid wí, "ò ń gbádùn ẹ̀."

Ó kọ́kọ́ rò pé ìyìn ni. Nígbà tó yé e pé kì í ṣe ìyìn, bàtà onírọ́bà ti ń gòkè àtẹ̀gùn. Everdien ló dé, ẹ̀jẹ̀ màlúù wà lápá rẹ̀ méjèèjì.

"Ta ló kú nílé mi?" ó bi Janna lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ìwọ ni tẹ́lẹ̀," ni Janna wí. "Ó ti yí padà."

Everdien wọlé, ó rí Mẹ́yọ̀ ní ìhòhò láàárín àbẹ́là, ó rí Aleid. Diederik na ọrùn. Ibi tí ó ti ń retí láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìwọ́wé ló dé yìí: obìnrin méjì, ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀, òun wà láàárín.

"Aleid, mi ò ní parọ́ fún ẹ," ni Everdien wí. "Mo jẹ̀bi. Ojú ń tì mí."

"Ó yẹ kó tì ẹ́," ni Aleid wí. "Ọmọ màlúù ńkọ́?"

"Ó yè. Akọ ni."

"Lọ fọ ọwọ́ ẹ."

Everdien lọ fọ ọwọ́. Ìjà tí wọ́n jà nìyẹn. Mo mọ̀ pé kò tó fíìmù ṣe.

"O ti dárí jì mí," Diederik ń bẹ̀bẹ̀, ó fa aṣọ ibùsùn mọ́ra. "Ẹnu ara rẹ lo fi sọ ọ́. Mo gbọ́ ọ."

"Ẹni tó kú ni mo dárí jì," ni Aleid wí, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ.

Nísàlẹ̀, kọfí ti hó. Búrẹ́dì eléso àjàrà ti wà lórí tábìlì, bí ó ṣe yẹ nílé òkú, àwọn ará àdúgbò ti ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé nínú aṣọ dúdú. Gerrit yá Diederik ní ṣòkòtò oko rẹ̀ kan, ó dúró sí agbedeméjì ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe yọ lórí àtẹ̀gùn, gbogbo ojú yí sí i.

"Ẹ̀yin ará ìlú mi," ó ní, "mi ò kú."

Lubbert wúkọ́. "Òfin Ìṣòótọ́ ní kò sí ẹ̀bẹ̀, ìbá à ṣe ẹni gíga. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Èmi ni mo pàtẹ́wọ́."

"Agogo náà sì ti dún," ni Gerrit wí, kò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. "A ò mọ bí wọ́n ṣe ń lù ú padà."

Tonnis, tó wà níwájú ìlà àwọn tó fẹ́ kí opó, kò mọ ohun tí ì bá ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sáfẹ́fẹ́. "Ṣé kí n ṣì kí yín, Ìyá Aleid?"

Aleid jókòó sórí àga tí wọ́n tẹ́ fún un. Ojú rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dúró.

"Ẹ kí mi," ó ní. "Mo sunkún lóòótọ́."

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù," ni Tonnis wí, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Gerrit, lẹ́yìn rẹ̀ ni Janna, lẹ́yìn wọn ni Everdien tó fọwọ́ mọ́, ìlà náà sì ń gùn títí dé inú ọgbà. Aleid dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kò sí ẹni tó lé Diederik. Ó kàn jẹ́ pé kò sí ibi tó bọ́ sí nínú ètò náà. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, àwọn èèyàn ń fi ẹ̀gbẹ́ kọjá lára rẹ̀, wọ́n ń ní ẹ jọ̀ọ́. Ìyá arúgbó kan tó wá láti oko jíjìn, tí kò ríran dáadáa, ló dúró lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ kú ìdúró o, ọmọ mi," ìyá náà wí. "Ṣé ẹ bá òkú tan ni?"

Diederik wo inú ilé, ó wo Aleid. Aleid ti yí ojú sí ẹni tó kàn.

"Rárá, mà," ó ní.